Ta Ni Yóò Sọ fún Àgbẹ̀ pé Ilẹ̀ Ti Mumi?

Ní ìparí oṣù kẹta ọdún tí ó kọjá, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì tí ó sì ti dá, mo tẹ̀lé bàbá àgbẹ̀ kan lọ sí oko wọn ní ọ̀nà tí ó ti Ọ̀yọ́ lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ní àfẹ̀mọ́júmọ́, nígbà tí ìrì ṣì wà lórí koríko tí ẹsẹ̀ ṣòkòtò wa sì tutù bí ti ẹni tí ó la odò kọjá. Bí a ti dé ibẹ̀, bàbá kò wo ojú ọ̀run rárá. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ebè tí ó sún mọ́ ọ̀nà jù lọ, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá erùpẹ̀ òkè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ki ìka ìfábẹ̀lá bọ inú ilẹ̀ títí ó fi dé oríkèé kejì, wọ́n sì bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ jáde. Wọ́n fún un mọ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ṣí ọwọ́, wọ́n wò ó. Erùpẹ̀ náà kò dì; ó là sí ọ̀nà mẹ́ta, ó sì ń gba àárín ìka wọn bọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ilẹ̀ kò tíì mumi. Òjò méjèèjì yẹn, ó kàn fi omi wọ́n ilẹ̀ lójú ni."

Ní òdìkejì ààlà, aládùúgbò wọn kan ti gbin àgbàdo ní ọjọ́ kejì òjò àkọ́kọ́. Àgbàdo náà ti hù, ó ti tó ìka gíga, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ ti ń ká jọ bí ẹni tí òtútù mú, etí rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Bàbá wò ó títí, wọ́n mi orí, wọn kò sì sọ̀rọ̀ sí i, nítorí pé ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí kì í fi í ṣe ẹlòmíràn ní yẹ̀yẹ́. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀ ní àárín oṣù kẹrin, ọkùnrin náà ń tún oko rẹ̀ gbìn: owó irúgbìn lọ lẹ́ẹ̀mejì, owó alágbàṣe lọ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ti bá afẹ́fẹ́ lọ.

Ohun tí èmi kò mọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn tí mo ti jókòó ti ìwé, tí mo sì ti bi àwọn ọ̀mọ̀wé léèrè, ni pé ní irú wákàtí yẹn gan-an, aago mẹ́fà òwúrọ̀, ni ẹ̀rọ kan máa ń kọjá lójú ọ̀run wa ní gíga 685 kìlómítà, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó mọ ohun kan náà tí bàbá fi ìka wá nínú ebè: ṣé ilẹ̀ rin, tàbí ilẹ̀ gbẹ? SMAP ni orúkọ rẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà ni ó rán an lọ sókè láti ibùdó Vandenberg ní Kalifóníà ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2015. Òun nìkan kọ́ ni ó sì ń ṣe iṣẹ́ náà: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan wà tí àwọn ará Yúróòpù gbé lọ láti Plesetsk ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 2009, tí wọ́n sọ ní SMOS. Àwọn méjèèjì ń yí ayé po láìsinmi, àwọn méjèèjì ń kọjá lórí Ọ̀yọ́ ọmọ Àtìbà àti lórí Ògbómọ̀ṣọ́ ọmọ Ajílété bí wọ́n ti ń kọjá lórí ìlú gbogbo, kò sì sí ọjọ́ mẹ́ta nínú èyí tí ọ̀kan nínú wọn kò ní kàn wá.

Mo fẹ́ kí ó yé òǹkàwé bí ẹ̀rọ náà ti ń ṣe é, nítorí pé ohun tí a kò bá mọ ìdí rẹ̀, a kò lè fi ọkàn tán an. Gbogbo ohun tí ooru bá wà nínú rẹ̀ ni ó ń tu nǹkan kan jáde. Ẹni tí ó bá ti fi ẹ̀yìn ti ògiri ilé alámọ̀ rí ní alẹ́ ọjọ́ tí oòrùn mú, mọ̀ pé ògiri náà ń dá ooru tí ó gbà lọ́sàn-án padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí iná nínú rẹ̀. Ilẹ̀ pẹ̀lú ń ṣe bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru. Apá tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ó ń tu jáde jẹ́ ooru tí ara wa lè mọ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ kínkín wà nínú rẹ̀ tí ó ń jáde bí ìgbì tí ó gùn, irú ìgbì tí à ń pè ní máíkíròwéfù, èyí tí awọ ara kò lè mọ̀, tí ojú kò sì lè rí. Ìgbì tí SMAP àti SMOS ń dẹtí sí gùn tó 21 sẹ̀ǹtímítà, ìyẹn ni pé bí a bá na ọwọ́ gbalaja, ó tó láti orí àtàǹpàkò dé orí ọmọńdinrín. Ẹ̀rọ tí ń gba irú ìgbì bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń wọn bí ó ti lágbára tó, ni wọ́n ń pè ní rédíòmítà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi í wé máíkíròwéfù tí a fi ń gbé ọbẹ̀ gbóná nínú ilé. Ti inú ilé ń rán ìgbì wọ inú oúnjẹ ni, omi inú oúnjẹ a sì gbé ìgbì náà mì, oúnjẹ a gbóná. Rédíòmítà kì í rán ohunkóhun sí ilẹ̀. Kò ta ọfà, kò tan iná, kò bi ilẹ̀ ní ìbéèrè. Ó kàn dákẹ́, ó ń gbọ́ ohun tí ilẹ̀ ti ń sọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, kí ènìyàn kankan tó mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀.

Omi sì ni ó ń yí ohùn náà padà. Ilẹ̀ tí ó gbẹ fúrúfúrú máa ń jẹ́ kí ìgbì inú rẹ̀ jáde bí ẹni tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu: nínú 100 ìwọ̀n tí ó yẹ kí ó jáde, nǹkan bí 95 ni yóò bọ́ síta. Ṣùgbọ́n bí òjò bá rọ̀ tí erùpẹ̀ rin dáadáa, ojú ilẹ̀ a dà bí dígí, ìgbì tí ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀ a kọ lù ú, púpọ̀ nínú rẹ̀ a sì padà sínú ilẹ̀, ohun tí yóò jáde a wálẹ̀ dé nǹkan bí 60. Ìdí rẹ̀ ni pé agbára iná mànàmáná kì í bá omi lò bí ó ti ń bá iyanrìn lò: nínú òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ físíìsì fi ń wọn irú nǹkan bẹ́ẹ̀, omi jẹ́ nǹkan bí 80, erùpẹ̀ gbígbẹ kò sì ju nǹkan bí 4 lọ. Ìyàtọ̀ ńlá ni èyí, kò sì sí nǹkan mìíràn nínú ilẹ̀ tí ó lè mú irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ wá. Nítorí náà, ilẹ̀ gbígbẹ ń ké rara, ilẹ̀ rírin ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ẹni tí ó bá sì mọ ìwọ̀n ooru ilẹ̀ lè fi ohùn yẹn mọ iye omi tí ó wà nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi yan aago mẹ́fà òwúrọ̀. Ní àkókò yẹn, kí oòrùn tó gun orí igi, ooru ojú ilẹ̀, ti ewé àti ti ìsàlẹ̀ erùpẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sì sí èyí tí yóò da ìṣirò rú.

Ẹ̀bùn kejì wà tí ìgbì gígùn yìí ní, òun ni ó sì mú kí n gbà pé ọ̀rọ̀ náà kan àwa ará ilẹ̀ Yorùbá ju bí ó ti kan ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Àwọn sátẹ́láìtì tí orílẹ̀-èdè wa Nàìjíríà ti rán lọ láti wo ilẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí NigeriaSat-1 tí ó lọ ní ọjọ́ 27 oṣù kẹsàn-án ọdún 2003, kámẹ́rà ni wọ́n gbé dání. Kámẹ́rà dára, ó lè rí ojú ọ̀nà, ó lè rí oko tí iná jó, ṣùgbọ́n kò lè rí ohun tí ìkùukùu bò. Ta ni kò mọ ojú ọ̀run wa láti oṣù kẹfà títí wọ oṣù kẹsàn-án? Ìkùukùu á wálẹ̀ ní òru, á tẹ́ bí ẹní, oòrùn á fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àtàrí kí ó tó ká. Ọ̀rọ̀ ìkùukùu yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tìtorí rẹ̀ péjọ ní oṣù kẹfà àti oṣù keje ọdún 2016, tí wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ sí Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Benin, sí Kumasi ní Gánà, àti sí Ilé-Ifẹ̀ orírun, nínú iṣẹ́ tí wọ́n sọ ní DACCIWA. Bí a bá gbára lé kámẹ́rà nìkan, ìgbà tí oko nílò ojú jù lọ ni ojú máa ń fọ́. Ṣùgbọ́n ìgbì ilẹ̀ tí ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ tí a nà gbalaja ń la ìkùukùu kọjá bí ẹni tí kò rí i rárá. Ó ń la ewé àgbàdo kọjá, ó ń la ewé iṣu àti ti ẹ̀gẹ́ kọjá. Ẹgàn dídí nìkan ni ó máa ń pa ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ilẹ̀ Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ ọ̀dàn ni. Irú ilẹ̀ tí etí bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ ni Ẹlẹ́dàá fi fún wa.

Kì í ṣe àná ni ìmọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1968 ni àwọn ará Rọ́ṣíà ti gbé rédíòmítà sínú Cosmos 243 láti wo ayé. Ní ọdún 1973 àwọn ará Amẹ́ríkà gbé ọ̀kan tí ń gbọ́ ìgbì 21 sẹ̀ǹtímítà sínú ilé ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Skylab. Ní ọdún 2002 àwọn ará Jàpáàn fi AMSR-E sórí sátẹ́láìtì Amẹ́ríkà kan, ìgbì tirẹ̀ sì kúrú jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ń gbọ́ ohùn ojú ilẹ̀ ju ohùn inú rẹ̀ lọ. Ohun tí ó mú kí ó pẹ́ bẹ́ẹ̀ ni pé bí ìgbì bá ti gùn tó ni etí tí yóò gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ ti fẹ̀ tó, kò sì rọrùn láti gbé etí ńlá gun ọ̀run. Ọgbọ́n tí àwọn ará Yúróòpù dá ni pé wọ́n to etí kéékèèké 69 sí orí apá mẹ́ta tí ó ya bí ẹ̀ka igi, wọ́n sì fi ìṣirò so gbogbo wọn di etí ńlá kan ṣoṣo. Ọmọ Faransé kan, Yann Kerr ti ìlú Toulouse, ni ó ṣe aṣáájú ìmọ̀ náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà, tí Dara Entekhabi ṣe aṣáájú wọn, gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n hun àwọ̀n okùn irin tín-ín-rín tí a fi wúrà bò, wọ́n ká a bí agbòòrùn, ó sì ṣí lójú ọ̀run di àwo tí ó fẹ̀ tó mítà 6, tí ó ń yí ní ìgbà 14 ó lé díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo wo àwòrán rẹ̀, ó sì rán mi létí àwọ̀n tí wọ́n ń hun bo ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Ọ̀yọ́, òjò pa ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀! Àwọn tí ó kọ́kọ́ kì ìlú náà báyìí kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí àwọ̀n kan yóò máa yí lókè orí rẹ̀, tí yóò máa ka òjò tí ilẹ̀ ti gbé mì.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ sí SMAP tí n kò fẹ́ fò dá. Ẹ̀rọ méjì ni ó gbé lọ: rédíòmítà tí ń gbọ́, àti rédà tí ń ké tí ó sì ń gba gbohùn-gbohùn padà. Rédà ni ó yẹ kí ó fi ibi kéékèèké hàn. Ní ọjọ́ 7 oṣù keje ọdún 2015, kí iṣẹ́ tó wọra dáadáa, rédà náà kú, gbogbo ìgbìyànjú láti jí i kò sì já sí nǹkan kan. Rédíòmítà ló kù. Bí a kò bá rí àdàn, a fi òòbẹ̀ ṣẹbọ: wọ́n yá ojú rédà Sentinel-1 ti àwọn ará Yúróòpù, wọ́n pa tirẹ̀ àti ti SMAP pọ̀, iṣẹ́ sì ń lọ títí di òní. SMOS ńkọ́? Ọdún mẹ́ta ni wọ́n dá fún un nígbà tí ó ń lọ; ó ti lo ju ọdún mẹ́wàá lọ kò sì tíì dákẹ́.

Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀rọ̀ ti le sí nìyí, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ kí a dúró sí díẹ̀. Etí rédíòmítà kì í gbọ́ oko kan. Ibi tí ó ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà fẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, bí ẹyẹ bá ń fò tààrà, kò ju nǹkan bí 47 kìlómítà lọ, ìyẹn nǹkan bí ọgbọ̀n máìlì. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí sátẹ́láìtì bá sọ iye kan fún wa, iye náà lè kó ẹ̀yìn odi Ọ̀yọ́, ìpáàdò odò Ọbà, oko ẹ̀gẹ́ apá Ajáàwà, orí àpáta tí koríko kò hù, òrùlé páànù, ojú ọ̀nà ọlọ́dà, igbó kajú àti oko iṣu àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Àwọn bàbá wa sọ pé oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kí ó má ní ààlà. Sátẹ́láìtì kò mọ ààlà. Kò lè sọ fún bàbá tí mo bá lọ sí oko pé ebè tiwọn gbẹ, ti aládùúgbò wọn rin. Òjò tiwa sì ni òjò tí í rọ̀ ní Akẹ̀sán kí ilẹ̀ Awẹ́ gbẹ táútáú.

Jíjìn tí ó lè gbọ́ pẹ̀lú ní òdiwọ̀n. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 òkè ilẹ̀ ni ohùn náà ti ń wá, èyí tí ó fi díẹ̀ ju ibi tí oríkèé kejì ìka bàbá dé lọ. Èyí tó fún irúgbìn àgbàdo tí ó fẹ́ hù. Iṣu tí a rì sínú ebè jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbòǹgbò kajú sì jìn ju iṣu lọ. Àwọn onímọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà da ohun tí wọ́n gbọ́ pọ̀ mọ́ òjò, ooru àti irú erùpẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí omi ti ṣe rí títí dé mítà kan nísàlẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, ṣùgbọ́n ìṣirò ni, kì í ṣe ohun tí etí gbọ́ ní tààrà.

Àwọn kan lè sọ pé, bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ni ó wúlò fún? Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ẹni tí ó kàwé, ó sì dùn mí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ìka bàbá mọ ebè kan dáadáa, ó mọ oko kan, bóyá ó mọ ti aládùúgbò méjì. Kò lè mọ bí ilẹ̀ ti rí láti Ọ̀yọ́ títí dé Ìkòyí-Ilé ní òwúrọ̀ kan náà, kò sì lè fi ti ọdún yìí wé ti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọjọ́ sí ọjọ́, láìgbàgbé. Sátẹ́láìtì mọ èyí. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀ tí gbogbo ènìyàn ń sáré gbé àgbàdo jáde, iye kan ṣoṣo yẹn, bí ó tilẹ̀ ti fẹ̀ tó, lè sọ bóyá gbogbo àgbègbè náà ti mumi, tàbí òjò náà kàn gba ojú ilẹ̀ kọjá. Àṣìṣe tí wọ́n gbà láyè fún SMAP ni ìwọ̀n omi 4 nínú 100 ìwọ̀n ilẹ̀. Èyí kò tó láti ya oko kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn. Ó tó láti ya ọdún tí ó dára sọ́tọ̀ kúrò lára ọdún tí yóò tan àgbẹ̀ jẹ.

Kì í sì ṣe pé a kàn gba ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó gbọ́ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Ní orílẹ̀-èdè Benin tí ó bá wa pààlà, ní apá òkè odò Ouémé, ní ẹ̀bá Djougou, àwọn onímọ̀ Faransé àti ti Áfíríkà tí iṣẹ́ wọn ń jẹ́ AMMA-CATCH ri ẹ̀rọ mọ́ inú ilẹ̀ ní oríṣiríṣi ibi, wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Mali àti ní Niger pẹ̀lú, wọ́n sì fi ohun tí ẹ̀rọ abẹ́ ilẹ̀ sọ yẹ ọ̀rọ̀ SMOS wò. Ìwé tí ó jáde lórí rẹ̀ ní ọdún 2015 wà fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà. Nínú ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ti Benin ni ó bá ilẹ̀ wa mu jù: igi rẹ̀ pọ̀, òjò rẹ̀ pọ̀, àwọn àgbẹ̀ rẹ̀ ń kọ ebè iṣu bí tiwa.

Ọ̀nà tí a fi ń yẹ gbogbo ẹ̀rọ wọ̀nyí wò kò sì ju agbára ilé ẹ̀kọ́ kankan lọ. Agolo kékeré kan tí ó ṣí lókè àti nísàlẹ̀ ni a ó gbá wọ inú ilẹ̀, a ó fi ọ̀bẹ gé etí rẹ̀ kí ó tẹ́jú, a ó gbé e sórí òṣùwọ̀n nígbà tí ó ṣì tutù, a ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. A ó wá gbé e sínú ààrò oníná tí ooru rẹ̀ jẹ́ 105 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, yóò wà níbẹ̀ fún wákàtí 24, títí erùpẹ̀ yóò fi funfun tí yóò sì máa dún ṣakaṣaka nínú agolo. A ó tún wọ̀n ọ́n. Ohun tí ó fi fúyẹ́ ni omi tí ó wà nínú rẹ̀. Mo ti fi ọwọ́ mi ṣe é rí, mo sì lè jẹ́rìí sí i pé ìyanu ńlá ni ó jẹ́ fún mi nígbà tí mo rí i pé ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ tí mo rò pé ó gbẹ ṣì fi omi pamọ́ tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwúwo rẹ̀. Ilẹ̀, ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí, kì í sọ gbogbo inú rẹ̀ fún ojú.

Mo gbọ́dọ̀ mẹ́nu ba ohun mìíràn tí ìmọ̀ yìí ti fihàn. Ní ọdún 2004, Randal Koster àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòṣe kọ̀ǹpútà púpọ̀ rí i pé àwọn ibì kan wà láyé tí rírin ilẹ̀ ti ń nípa lórí òjò tí yóò tún rọ̀, ilẹ̀ Sahel tí ó wà lókè wa sì wà lára wọn. Ní ọdún 2012, Christopher Taylor àti àwọn tirẹ̀ lo ọ̀rọ̀ AMSR-E, wọ́n sì rí i pé òjò ọ̀sán máa ń bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ tí ó gbẹ ju àyíká rẹ̀ lọ ju bí ènìyàn yóò ti rò lọ, Sahel sì ni ibi tí èyí ti hàn jù. Nítorí náà kì í ṣe pé òjò ń fún ilẹ̀ lómi nìkan. Ilẹ̀ pẹ̀lú ní ọ̀rọ̀ tí ó ń bá òjò sọ. Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú babaláwo máa dÍfá ọrọọrún. Ẹ̀rọ tí ń kọjá lọ́jọ́ méjì sí mẹ́ta ń ṣe irú ìṣọ́ra kan náà, láti ọdún dé ọdún.

Wàyí o, kí ni ó ń dí wa lọ́wọ́? Owó kọ́. Gbogbo ohun tí SMAP àti SMOS ń gbọ́ ni a gbé síta lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ní íńtánẹ́ẹ̀tì àti kọ̀ǹpútà. Ìmọ̀ kọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1990 ń kọ́ni ní ìmọ̀ ọ̀gbìn àti ti físíìsì; ní Ọ̀yọ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀ ti ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ ti wà láti ọdún 1908; ní Ilé-Ifẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1972 fún gbogbo Áfíríkà láti kọ́ni bí a ti ń fi ojú òfuurufú wo ilẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ wa tí ó lè ka ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ wọ̀nyí kò ṣọ̀wọ́n.

Ẹnu ni ó kù. Mo ti di ìwé ìkéde ojú ọjọ́ kan mú rí ní ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ, ìwé tí a kọ fún àgbẹ̀, tí kò sí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tí ẹni tí ó fún mi sì sọ pé òun kò tíì rí àgbẹ̀ tí ó wá béèrè fún un. Báwo ni yóò ṣe béèrè? Èdè tí bàbá fi ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀ kún fún ọgbọ́n: ilẹ̀ gbẹ, ilẹ̀ rin, ilẹ̀ tutù, ilẹ̀ mumi, ilẹ̀ mumi yó, ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ilẹ̀ di pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀. Ìpele méje nìyẹn, láìwá a jìnnà, èyíkéyìí nínú wọn ni a sì lè so mọ́ iye kan nínú òṣùwọ̀n rédíòmítà bí a bá ti gbé agolo àti ààrò lọ sí oko fún àkókò òjò kan péré. Ẹni tí ó bá gbọ́ lórí rédíò ní alẹ́ pé "láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ rin, ṣùgbọ́n kò tíì mumi" kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ rẹ̀ fún òun. Yóò dìde ní òwúrọ̀, yóò ki ìka bọ ebè tirẹ̀, yóò sì fi ti ọ̀run wé ti ọwọ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Mo bẹ àwọn olùkọ́ wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní Ọ̀yọ́ kí wọ́n yan oko mẹ́wàá láàárín ìlú méjèèjì, ì báà ṣe fún iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, kí wọ́n máa wọn erùpẹ̀ ibẹ̀ ní aago mẹ́fà òwúrọ̀ ọjọ́ tí sátẹ́láìtì bá ń kọjá, láti oṣù kẹta dé oṣù kẹfà, kí àwọn àgbẹ̀ tí ó ni oko sì wà níbẹ̀, kí wọ́n fi ìka sọ tiwọn kí òṣùwọ̀n tó sọ tirẹ̀. Mo bẹ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kí wọ́n fún ọ̀rọ̀ náà ní ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn ìròyìn Yorùbá alẹ́. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ sì ń ka ìwé yìí, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni: agolo kan, òṣùwọ̀n kan àti ààrò kan ni ẹ nílò, òjò àkọ́rọ̀ kò sì ní pẹ́ dé.